Fláàṣì Níbi Ayẹyẹ: Bí Fọ́tò Yóò Ṣe Fi Ojú Ènìyàn Hàn Dáadáa

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí iná fọ́tò, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fláàṣì. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ fọ́tò ni ẹ̀ ń ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pe ayafọ́tò wá síbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tó ń ya fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń lo iná. Ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí owó rẹ̀ yẹ kí ó rà.

Ẹ má bẹ̀rù nọ́ńbà tí ẹ ó rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò pọ̀. Ẹ kà wọ́n díẹ̀díẹ̀.

1. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì?

Ayẹyẹ kì í dúró de ayafọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń fi òkú àgbà sílẹ̀. Bí iṣu bá bàjẹ́ lọ́dún yìí, a lè gbin òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́tò ayẹyẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìyá àgbà tó jókòó láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jó. Kò sí ẹni tó ń ronú ikú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá lọ, fọ́tò ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ lè máa wá kiri, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ojú ìyá bá funfun nínú fọ́tò bí ojú ẹni tó fi eérú para, bí ẹyin ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀yinná, kí ni wọn yóò ṣe? Wọn kò lè pe ìyá padà kó wá jókòó.

Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joseph Moïse Agbodjelou. A bí i ní ọdún 1912, ó sì kú ní ọdún 2000. Fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yà ni wọ́n ti kú, òun náà ti kú, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn náà ṣì wà nínú fọ́tò títí dòní. Ohun tí fọ́tò dáadáa ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ayafọ́tò ti ra bátìrì, ó ti san owó ọkọ̀, yóò tún san owó ìwé fọ́tò. Bí fọ́tò kò bá dára, aláyẹyẹ kò ní gbà á. Gbogbo owó yẹn ti wọlẹ̀ nìyẹn, orúkọ rere ayafọ́tò náà sì ti bá a lọ.

2. Kí ló ń ba fọ́tò fláàṣì jẹ́?

Ẹ mú fọ́tò tí a yà lálẹ́ nínú ilé, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó sábà rí àbùkù mẹ́rin:

— Ojú àwọn tó wà níwájú funfun jù. Imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ilà ojú wọn kò hàn mọ́.
— Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣókùnkùn.
— Òjìji dúdú ńlá lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ènìyàn.
— Ẹyin ojú ènìyàn pọ́n.

Ohun kan náà ló sábà ń fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fláàṣì jókòó sí orí ẹ̀rọ fọ́tò, nítòsí dígí ẹ̀rọ, ó sì ń da iná sí àwọn ènìyàn lójú tààrà.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọ́ọ̀ṣì wádìí rẹ̀. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọ yín láti iwájú. Ojú rẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì máa ṣẹ́jú. Òjìji rẹ̀ yóò le lára ògiri, etí rẹ̀ yóò mú bí etí ọ̀bẹ. Ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ tún wò ó. Ojú rẹ̀ tutù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, òjìji rẹ̀ kò le. Kí ló fà á? Tọ́ọ̀ṣì kéré, ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ojú ọ̀run ló ń ràn lé ọmọ náà lórí, ògiri àti ilẹ̀ sì ń bá a dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: iná kékeré a máa mú òjìji líle wá, iná tó fẹ̀ a máa mú òjìji rírọ̀ wá. Fláàṣì kéré bí ẹnu agolo. Iṣẹ́ ayafọ́tò ni láti sọ ọ́ di ńlá.

Tọ́ọ̀ṣì yìí kan náà yóò sọ ìdí tí àwọn ará ẹ̀yìn fi ń ṣókùnkùn. Ẹ tàn án sí ògiri láti mítà 1. Ẹ wá fà sẹ́yìn dé mítà 2. Òbírí ìmọ́lẹ̀ náà ti fẹ̀ ní ìlọ́po 2, ó sì ti ga ní ìlọ́po 2. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ibi kékeré ti wá tàn ká ibi tó tó ìlọ́po 4. Nítorí náà, ìdá 1 nínú 4 ló kù fún ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ará iwájú bá wà ní mítà 2, tí ará ẹ̀yìn sì wà ní mítà 4, ìmọ́lẹ̀ tó kan ará ẹ̀yìn jẹ́ ìdá 1 nínú 4 ti ará iwájú.

3. Ọ̀nà méjì ló wà

Ọ̀nà kìíní: kí a yí orí fláàṣì sókè, kí iná lọ lu àjà ilé funfun tàbí ògiri funfun kó tó padà wá sọ́dọ̀ ènìyàn. Nígbà náà, àjà ló di fítílà. Iná kékeré ti di iná tó fẹ̀.

Ọ̀nà kejì: kí a fi apá irin gbé fláàṣì kúrò lórí ẹ̀rọ, kó ga ju dígí ẹ̀rọ lọ. Iná yóò ṣì lọ tààrà, ṣùgbọ́n láti òkè ni yóò ti wá.

Ọ̀nà kìíní ló dára jù bí àjà bá wà. Bí kò bá sí, ẹ lo èkejì. Ayafọ́tò tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa gbé ohun èlò méjèèjì lọ́wọ́.

4. Ẹ mọ fláàṣì yín

Fláàṣì tí a ń sọ níbí ni ti ọtomátíìkì. Ó ní ojú kékeré kan níwájú. Bí iná bá ti jáde, tó lu ènìyàn, tó sì padà, ojú kékeré yẹn a máa wọ̀n ọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó, á gé iná náà. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò tí kò tó ìdá 1 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá.

Ó dà bí ọmọbìnrin tó ń bu omi sí agbè. Ó ń wo ẹnu agbè. Bí agbè bá ti kún, á dáwọ́ dúró. Bí ó bá gbé ojú rẹ̀ síbòmíràn, omi á ṣàn dànù, tàbí kí agbè má kún.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú irú fláàṣì yìí láti àwọn ọdún 1970 ni Vivitar 283. Bátìrì kéékèèké 4 ló ń lò. A lè yí orí rẹ̀ sókè, ojú kékeré rẹ̀ yóò sì máa wo iwájú. Àlòkù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn fláàṣì mìíràn wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo ohun méjì: ṣé orí rẹ̀ ṣeé yí sókè? Ṣé ojú kékeré rẹ̀ ṣì ń wo iwájú nígbà tí orí bá yí? Bí ojú kékeré bá bá orí yí sókè, àjà ni yóò máa wò. Àjà kọ́ ni ẹ fẹ́ yà.

Iná orí fóònù alágbèéká kò ṣeé yí sókè lọ́nà yìí. Ó sì kéré jù fún àpéjọ.

5. Bí a ṣe ń tò ó kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ tò:

Kìíní, ISO. Èyí ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù tàbí ẹ̀rọ ṣe yára gba ìmọ́lẹ̀ tó. Fún iná tí yóò lu àjà, ẹ lo 400. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ tò sí ara fláàṣì.

Èkejì, ihò dígí. Nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ báyìí: 2.8, 4, 5.6, 8, 11. Nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá. Nọ́ńbà ńlá ni ihò kékeré. Bí ẹ bá kúrò ní 8 bọ́ sí 5.6, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé di ìlọ́po 2. Bí ẹ bá dé 4, ó di ìlọ́po 4. Ara fláàṣì yóò sọ nọ́ńbà tí ó fẹ́. Ohun tí fláàṣì bá sọ ni kí ẹ tò sí dígí.

Ẹ̀kẹta, ìyára ẹ̀rọ. Ẹ tò ó sí 1/60, ìyẹn ìdá 1 nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìyára bá pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ yín gbà fún fláàṣì lọ, apá kan fọ́tò yóò dúdú bí ẹni pé a fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀kẹrin, bátìrì. Ẹ fi tuntun sí i, tàbí èyí tí a gba iná sí dáadáa. Ẹ mú òmíràn dání. Lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró kí iná kékeré ẹ̀yìn fláàṣì tó tàn kí ẹ tó tún ya òmíràn. Ẹni tó bá kánjú yóò rí fọ́tò dúdú.

6. Bí iná ṣe ń lu àjà padà

Ẹ ju bọ́ọ̀lù lu ògiri láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó ṣe dà gẹ́rẹ́ lọ ni yóò ṣe dà gẹ́rẹ́ padà. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọjú orí fláàṣì sí àárín méjì àjà, láàárín yín àti ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Bí ẹ bá sún mọ́ ẹni náà jù, tí ẹ sì tan iná sí àjà tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an, láti òkè ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti já lé e. Iwájú orí rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀, ihò ojú rẹ̀ yóò dúdú. Bí ibi tí ẹ wà bá há, ẹ yí orí fláàṣì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bá iwájú rẹ̀ padà.

Ìrìn iná yìí jìn ju bí ẹ ti rò lọ. Bí àjà bá ga ní mítà 3, tí ẹ gbé fláàṣì dání ní gíga mítà 1 àbọ̀, tí ojú ẹni tí ẹ ń yà náà ga tó bẹ́ẹ̀, tó sì wà ní mítà 3 síwájú yín, iná yóò rin ohun tó lé ní mítà 4 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àjà náà yóò gbà lára rẹ̀, yóò sì fọ́n in ká. Ẹ ṣírò pé ìdá 1 nínú 4 péré ni yóò kù. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ lo ISO 400 àti ihò ńlá, bíi 4. Lára ọ̀pọ̀ fláàṣì ọtomátíìkì, iná kékeré kan a máa tàn bí ìmọ́lẹ̀ bá tó. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí àlejò tó dé. Bí iná náà kò bá tàn, ẹ sún mọ́ ọn sí i tàbí kí ẹ ṣí ihò sí i.

Ẹ wo àwọ̀ àjà. Àwọ̀ tí àjà bá ní ni ìmọ́lẹ̀ yóò gbé wá. Àjà aláwọ̀ ewé á sọ awọ ènìyàn di aláwọ̀ ewé. Ògiri amọ̀ pupa á mú kí gbogbo ènìyàn pọ́n. Funfun nìkan ló dára.

Bí ilé kò bá ní àjà funfun ńkọ́? Aṣọ funfun wà. Ẹ ta aṣọ ìbùsùn funfun mọ́lẹ̀ lókè, lábẹ́ páànù. Tàbí kí ọmọ iṣẹ́ kan na aṣọ náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ sì tan iná sí i. Aṣọ náà yóò ṣe iṣẹ́ ògiri. Ẹ rántí pé ojú kékeré fláàṣì gbọ́dọ̀ máa wo ẹni tí ẹ ń yà, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ tún lè gé páálí funfun kan, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn orí fláàṣì, kó yọ sókè díẹ̀. Iná púpọ̀ yóò lọ sí àjà. Díẹ̀ yóò lu páálí, yóò sì lọ síwájú. Díẹ̀ yẹn ni yóò mú kí ẹyin ojú ènìyàn dán, kí ihò ojú rẹ̀ má sì dúdú.

Èrè kan tún wà níbẹ̀. Iná tó lu àjà kì í gún àgbà lójú. Wọn kì í ṣẹ́jú. Wọn kì í sì í di ojú nígbà tí ẹ bá ń yà wọ́n.

7. Ibi tí àjà kò sí

Kì í ṣe gbogbo ibi ni àjà wà. Ìta gbangba kò ní in. Koríko àti ọ̀pá òrùlé a máa gbé iná mì. Páànù lásán kì í dá iná padà bó ti yẹ. Àjà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ga jù. Iná á rẹ̀ kó tó padà. Báàṣì aláwọ̀ búlúù tí a ta síta á sọ gbogbo àlejò di búlúù.

Ẹ wo òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, ó sì ti wà nínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé láti ọdún 2008. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde ní gbangba ìta. Ojú ọ̀run ni àjà ibẹ̀. Ẹni tó bá yí fláàṣì sókè níbẹ̀ kàn ń tan iná fún ìràwọ̀ ni.

Níbi bẹ́ẹ̀, apá irin ló kù.

8. Bí a ṣe ń lo apá irin

Apá irin jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan. A ó dè é mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ fọ́tò, ní ihò tí a fi ń de ẹsẹ̀ mẹ́ta ẹ̀rọ. Ìdè ihò yìí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ ìdá 1 nínú 4 ínṣì. Irin náà yọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ní apá tó gòkè. Orí apá yẹn ni fláàṣì máa jókòó sí. Okùn wáyà kan yóò so fláàṣì mọ́ ẹ̀rọ, kí méjèèjì lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

A lè rà á. Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ náà sì lè rọ ọ́. Bí ẹ bá ní kó rọ ọ́, ẹ sọ fún un pé kí ìdè má gùn jù. Ìdè tó gùn jù yóò gún inú ẹ̀rọ, yóò sì bà á jẹ́. Kí irin má wúwo jù pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ yín ni yóò gbé e láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀.

Kí fláàṣì ga ju dígí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìn inú ẹyin ojú wa. Ní òkùnkùn, ihò ẹyin ojú máa ń là. Bí fláàṣì bá sún mọ́ dígí ẹ̀rọ, iná á gba inú ihò yẹn wọlé, á sì bá ọ̀nà kan náà padà sínú ẹ̀rọ. Pupa ẹ̀yìn ojú ni fọ́tò gbà yẹn. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀mí kankan. Bí fláàṣì bá jìnnà sí dígí, ìmọ́lẹ̀ náà yóò gba ibòmíràn padà. Ojú kò ní pọ́n mọ́.

Èkejì ni òjìji. Bí iná bá wá láti òkè, òjìji ènìyàn á ṣubú sísàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí fọ́tò kò ti rí i. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn kúrò lára ògiri ní mítà 1 àbọ̀ sí mítà 2, kí èyí lè rí bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá dá ẹ̀rọ dúró láti ya ènìyàn kan láti orí dé ẹsẹ̀. Fláàṣì tó wà lókè tẹ́lẹ̀ yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Òjìji yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ènìyàn bí ìbejì rẹ̀. Apá irin tó dára ní oríkèé tí a fi ń yí fláàṣì padà sókè. Bí tiyín kò bá ní in, ẹ dá ẹ̀rọ dúró ní ọ̀nà tí fláàṣì yóò fi wà lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀. Iná tó bá wá láti ìsàlẹ̀ a máa sọ ojú ènìyàn di ojú iwin.

9. Ohun tó ń tan ojú kékeré jẹ

Ojú kékeré fláàṣì kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni òun ń wò tàbí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ohun méjì lè tàn án jẹ.

Ekìíní: aṣọ funfun. Níbi ìsìnkú àgbà tàbí níbi ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí lè wọ funfun. Aṣọ funfun á dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà. Fláàṣì á rò pé ó ti tó, á gé iná kíákíá. Aṣọ á hàn, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn dúdú wa á ṣókùnkùn. Kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ ṣí ihò dígí sí i ní ìgbésẹ̀ 1. Bí fláàṣì bá ní kí ẹ lo 5.6, ẹ lo 4.

Èkejì: òkùnkùn ẹ̀yìn. Bí ènìyàn kan ṣoṣo bá dúró ní ìta gbangba lóru, òkùnkùn ló yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń padà. Fláàṣì á rò pé kò tíì tó, á máa tàn lọ. Ojú ẹni náà á wá funfun. Ẹ dín ihò kù ní ìgbésẹ̀ 1. Bí fláàṣì bá ní 5.6, ẹ lo 8.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ òde òní lè wo fọ́tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ má wo aṣọ. Ẹ wo ojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

10. Ẹ ṣọ́ ara yín, ẹ ṣọ́ ẹ̀rọ yín

Bátìrì kéékèèké 4 tí a tò pọ̀ kò ju fóòtì 6 lọ. Ṣùgbọ́n inú fláàṣì ń sọ ọ́ di fóòtì tó tó 300. Agbára yìí lè wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ bátìrì. Ẹ má tú fláàṣì nílé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣeré. Ó lè gbé ènìyàn jù.

Àwọn fláàṣì àtijọ́ kan, àti àwọn Vivitar 283 ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ń fi iná tó ju fóòtì 200 ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ fọ́tò. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò lè gbà á. Kí ẹ tó gbé fláàṣì àlòkù lé ẹ̀rọ tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa iná wọ̀n ọ́n fún yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè fi fọ́tò kan ṣoṣo pa ẹ̀rọ olówó ńlá.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yọ bátìrì kúrò. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú ẹ̀rọ a máa sun omi, omi náà a sì máa jẹ irin inú rẹ̀.

Níbi orò àti ètò ìbílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kí a má ya, a kì í yà á. Bí wọ́n bá sì gbà yín láyè, ẹ má tan iná sí ẹni tó ń jó lójú, kó má baà kọsẹ̀.

11. Ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń pe ayafọ́tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ pe ayafọ́tò wá kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé. Ẹ fi ibi tí àlejò yóò jókòó hàn án. Ẹ bi í pé: “Níbo ni iná rẹ yóò gbà wá?” Bí ó bá wo òkè, tó wo ògiri, tó sì béèrè aṣọ funfun, ẹ mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bá a gbé àga àwọn àgbà kúrò lára ògiri. Ẹ má kó àwọn ènìyàn jọ ní ìlà 5 tàbí 6 níwájú iná kan ṣoṣo. Àwọn ará ẹ̀yìn yóò ṣókùnkùn. Ìlà 2 tàbí 3 tó.

12. Kí a kó ọ̀rọ̀ wa jọ

Ẹ má da iná sí ènìyàn lójú tààrà. Bí àjà funfun bá wà, ẹ jẹ́ kí iná kọ́kọ́ lù ú. Bí kò bá sí, ẹ fi apá irin gbé iná sókè. Ojú kékeré fláàṣì gbọ́dọ̀ máa wo ẹni tí ẹ ń yà. Bí aṣọ bá funfun, ẹ ṣí ihò sí i. Bí ẹ̀yìn bá dúdú, ẹ dín in kù. Ẹ dúró kí iná ẹ̀yìn fláàṣì tàn.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ náà wà lára ohun tí a ń fẹ̀sọ̀ mú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ ìkàwé:

1. Kí ló ń mú kí ẹyin ojú ènìyàn pọ́n nínú fọ́tò?
2. Ẹ wo ilé tí a ti ń kàwé. Ṣé àjà rẹ̀ ṣeé fi iná lù? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni ẹ lè fi dípò rẹ̀?
3. Gbogbo ẹbí wọ aṣọ funfun. Fláàṣì ní kí a lo 8. Nọ́ńbà wo ni ẹ ó tò sí dígí?
4. Ta ni àgbà kan nínú ẹbí yín tí kò tíì ní fọ́tò tó dára? Ọjọ́ wo ni ẹ ó ya á?

Ó dìgbà mìíràn o.